Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, báwo lẹ ṣe ń bá ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n ti sọ fún wa níbi iṣẹ́ pé láìpẹ́, ẹ̀rọ kan tó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ni yóò máa ka gbogbo ohun tí a bá kọ sínú kọ̀ǹpútà nípa aláìsàn, tí yóò sì máa ta wá lólobó bí ara ẹnì kan bá fẹ́ yíwọ́. Wọ́n ní yóò tún máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa, yóò sì máa bá wa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù wa, ẹnu ò kò. Àwọn kan ń yọ̀ nítorí ìwé kíkọ ti sú wọn. Àwọn kan ti ń wá iṣẹ́ mìíràn lórí fóònù. Àwọn tó kù kàn ń wo ojú ọ̀gá. Èmi ò tíì mọ ẹ̀yìn ẹni tí màá tò sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lò ó, kí lẹ rí? Kí ló yẹ kí n bi wọ́n kí wọ́n tó gbé e dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìpolówó dá mi lóhùn, mo ti gbọ́ ìyẹn yó ní ìpàdé.

Mátírọ̀nÀgbà
Àbúrò mi, kú iṣẹ́ alẹ́. Má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ jù, má sì jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ jù.

Kì í ṣe òní ni nọ́ọ̀sì ti ń jẹ́ kí nọ́ńbà bá òun sọ̀rọ̀. Ìṣirò NEWS tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan, Royal College of Physicians ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé jáde ní 2012, tí wọ́n tún un ṣe ní 2017, kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Èémí, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, bóyá aláìsàn ń gba ọ́síjìn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bí ọkàn ṣe ń lù, bó ṣe wà lójúfò tó, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. A fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, a rò wọ́n pọ̀, bó bá ti pé 7, a sáré pe dókítà. Mo ti lò ó títí, mi ò rí nọ́ọ̀sì tó torí ẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí, mo lè fi ìka ka á. Bó bá di 7, mo mọ̀ pé èémí ló gbé e ga, tàbí ìfúnpá ló já. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun yìí, wọn á ní "ewu ga", wọn ò sì ní sọ ohun tí wọ́n rí. Dókítà tí o jí ní òru á bi ọ́ pé kí ló ń ṣe aláìsàn náà, ṣé o máa ní kọ̀ǹpútà ló ní kí n pè yín ni? Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí màá bi àwọn tó ń tà á nìyí: ṣé yóò fi ohun tó mú un kìlọ̀ hàn mí, kí n lè lọ fi ojú ara mi wò ó?

ICU_Ọ̀sán
Mátírọ̀n ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ti ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, kún un.

Sepsis lọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ń ṣọ́, ìyẹn nígbà tí ara bá ń bá kòkòrò àìsàn jà débi pé ó yíjú sí ara rẹ̀, tí ìfúnpá ń já wálẹ̀, tí kíndìnrín ń kọṣẹ́. Wákàtí kan kì í ṣe nǹkan kékeré níbẹ̀. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan gbé èyí tí iléeṣẹ́ Epic ṣe fún àwọn ilé ìwòsàn, wọ́n fi àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tiwọn dán an wò. Nínú 100 ẹni tí sepsis mú, 67 ni ẹ̀rọ náà ò rí. Bẹ́ẹ̀ ló pariwo lórí 18 nínú gbogbo 100 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń sọ nọ́ọ̀sì dà: yóò máa sáré lọ bá ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ẹni tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ á sì wà níbẹ̀ tí ìró kankan ò ní jáde.

Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ariwo ti pọ̀ jù ní wọ́ọ̀dù. Àwọn tó ṣèwádìí nípa ìró ẹ̀rọ inú ilé ìwòsàn sọ pé láti 72 títí dé 99 nínú 100 ìró náà ni kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn. Etí á di í. Ọwọ́ á kàn máa lọ síbi bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ dunjú tó pa ìkìlọ̀ láìkà á, ọ̀rọ̀ aláìsàn mìíràn ló wà lẹ́nu rẹ̀, mi ò sì lè bá a wí.

Kí n má purọ́ mọ́ gbogbo wọn ṣá. Àwọn ará Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní TREWS, òun náà ń ṣọ́ sepsis. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn 5 jáde ní 2022. Àwọn tí oníṣègùn wá wò tó sì fọwọ́ sí ìkìlọ̀ wọn láàárín wákàtí 3, ikú wọn fi nǹkan bí 19 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí ẹnikẹ́ni ò dá ìkìlọ̀ wọn lóhùn láàárín àkókò yẹn. Ẹ tún un kà. Dídáhùn ènìyàn wà nínú òǹkà yẹn. Bí òṣìṣẹ́ ò bá tó láti dá a lóhùn, ariwo lásán ni wọ́n rà.

Onísùúrù
Èmi ò fẹ́ rí i. Wọ́n á ní ó ń gba àkókò là fún wa. Kí ni wọ́n fẹ́ fi àkókò náà ṣe? Aláìsàn méjì sí i ni wọ́n máa fi kún tèmi. Ẹ pè mí bó bá ṣe òdìkejì.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àǹtí àti ẹ̀yin bọ̀dá. Mi ò kí ń ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ dátà ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n yà bá yín díẹ̀. Àǹtí Onísùúrù, mi ò lè bá yín jiyàn lórí ìyẹn, ọwọ́ àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ ló wà, kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Ohun kan wà tí inú yín máa dùn sí. Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn ará Yunifásítì Columbia kó sòdí, CONCERN ni wọ́n pè é. Kì í ṣe nọ́ńbà ìfúnpá nìkan ló ń kà. Ìṣesí nọ́ọ̀sì ló ń ṣọ́. Nọ́ọ̀sì tó lọ wọn ìfúnpá nígbà tí kò tíì tó àsìkò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kọ àlàyé díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà. Nọ́ọ̀sì tó dá oògùn kan dúró. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìnídìí, ara ti fu yín, bí ẹ ò tiẹ̀ tíì rí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi sọ ọ́ fún dókítà. Wọ́n dán an wò ní wọ́ọ̀dù 74, lórí ìgbàwọlé aláìsàn tó lé ní 60,000, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2025: ewu ikú fi 35.6 nínú 100 dín sí ti àwọn wọ́ọ̀dù tí wọn ò ti lò ó, àwọn aláìsàn sì tètè lọ sílé ju ti àwọn wọ́ọ̀dù yẹn lọ. Ìfura nọ́ọ̀sì ni ẹ̀rọ náà gbé dé iwájú gbogbo èèyàn.

Torí náà, bí ẹ bá ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ẹ bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rọ yìí fi kọ́ ọgbọ́n, àkọsílẹ̀ àwọn wo, ní irú ilé ìwòsàn wo? Èyí tó kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn ńlá tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú èèyàn mẹ́rin, ó lè ṣìnà níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń tọ́jú ogún.

Mátírọ̀nÀgbà
Ọmọ mi, o ṣeun, èyí dùn mọ́ mi. Àmọ́ wo ibi tó ti lè yọ wá lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ìrìnkèrindò nọ́ọ̀sì ló fi ń mọ̀ pé àìsàn ẹnì kan ń le sí i, ní òru tí àwa méjì péré wà ní wọ́ọ̀dù tó kún, a ò ní ráyè yọjú sí ẹnikẹ́ni ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé kò ní rò pé ara gbogbo wọn le ni?

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà
Ó lè rò bẹ́ẹ̀, mà. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kí wọ́n bi àwọn tó ń tà á, kí wọ́n sì dúró gba èsì. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín sí i, wọn ò tíì dán an wò níbi tí òṣìṣẹ́ ti kéré nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún3
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìbéèrè tèmi lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ṣé iṣẹ́ yìí á ṣì wà nígbà tí mo bá fi máa parí? Àwọn ọmọ kíláàsì wa ń fi ChatGPT kọ ètò ìtọ́jú aláìsàn, ó sì máa ń dára ju tèmi lọ.

ICU_Ọ̀sán
Iṣẹ́ á wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2025 pé nọ́ọ̀sì tó wà láyé ní 2023 jẹ́ mílíọ̀nù 29.8, síbẹ̀ mílíọ̀nù 5.8 ló kù kí wọ́n tó. Ní 2016, Geoffrey Hinton, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá, sọ pé kí wọ́n dẹ́kun kíkọ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán ara, pé láàárín ọdún márùn-ún ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́n ju wọ́n lọ. Ẹ wò ó, wọ́n ṣì ń wá àwọn dókítà náà kiri.

Ohun tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni ètò ìtọ́jú tó ń dára ju tìẹ lọ yẹn. Èyí tí kò dára tí o fúnra rẹ kọ ni yóò kọ́ ojú rẹ. Kọ tìẹ tán kí o tó ṣí tẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, fi méjèèjì wéra: kí ló rí tí o ò rí? Kí ló kọ tí kò bá aláìsàn tìẹ mu? Ní ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, orí rẹ ni wọ́ọ̀dù máa lò.

Agbẹ̀bí_Òwúrọ̀
Ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ àwọ̀ ara.

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há aláìsàn ní ìka láti mọ atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, gbogbo wa là ń lò ó. Ìwádìí kan jáde ní 2020 nínú ìwé ìwádìí ìṣègùn tó ń jẹ́ New England Journal of Medicine. Wọ́n wo àwọn tí ẹ̀rọ ìka náà fún ní 92 sí 96, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú, 11.7 nínú 100 ni atẹ́gùn wọn ti lọ sílẹ̀ jù láìjẹ́ pé ẹ̀rọ mọ̀. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Nọ́ńbà yìí kan náà ni ọgbọ́n àtọwọ́dá ń jẹ. Bí ẹ̀rọ ìka bá ti parọ́, ọgbọ́n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gbé irọ́ náà lọ síwájú pẹ̀lú ìdánilójú.

Ìwádìí mìíràn tún wà tó jáde nínú ìwé ìwádìí tó ń jẹ́ Science ní 2019. Ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń yan àwọn tó nílò àfikún ìtọ́jú, owó tí wọ́n ti ná lórí èèyàn ló fi ń díwọ̀n bí àìsàn rẹ̀ ṣe le tó. Wọn kì í sì í náwó tó bẹ́ẹ̀ lórí àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹ̀rọ náà bá ní ara wọn le. Nígbà tí wọ́n ṣírò bí yóò ṣe rí bí wọ́n bá tún un ṣe, nínú 100 ẹni tí ìrànwọ́ náà máa dé ọ̀dọ̀ wọn, iye àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní 17.7, ó di 46.5. Kò sí ẹni tó jókòó tó ní kí á ṣe ibi. Ohun tí wọ́n fi wọn àìsàn ló wọ́.

Ohun tí mo ń ṣe: bí nọ́ńbà bá ní kò séwu tí ọkàn mi ò gbà á, mo máa ń fi ọwọ́ ra ìka aláìsàn títí yóò fi móoru, màá nu ohun tó fi kun èékánná kúrò, màá tún un wọ̀n ní ìka mìíràn. Lẹ́yìn náà màá ní kó ya ẹnu, màá wo ahọ́n àti inú ètè ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọ̀ dúdú kì í ti í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Màá ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe ìdajì kí n wá fi ìlọ́po méjì rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá ṣe gbogbo èyí tán tí mi ò tíì gbà, dókítà ni mò ń pè, kí ẹ̀rọ máa wí tirẹ̀.

Ohùn_Gbajúmọ̀
Ẹ jẹ́ kí èmi gbè é lẹ́yìn díẹ̀, ẹ ti nà án jù. Èyí tó ń gbọ́ ohùn tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ní í fi sílẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kẹ̀yìn sí aláìsàn kí n tó lè tẹ kọ̀ǹpútà. Nísinsìnyí mò ń wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń bi í léèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ kà á o! Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ní 2024, àwọn olùwádìí yẹ Whisper wò, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ OpenAI tó ń sọ ohùn di ìwé, wọ́n sì rí i pé nínú nǹkan bí 1 nínú 100 ohùn tí wọ́n fún un, ó ń dá gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá gùn ló ti ń ṣe é jù. Ẹ wá ronú nípa aláìsàn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, tó ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa fi ọ̀rọ̀ kún.

Tèmi, ibi mẹ́rin ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ: orúkọ oògùn, iye rẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì, àti ọ̀rọ̀ kékeré náà "kò". "Kò ní ìrora àyà" àti "ó ní ìrora àyà", ẹ ò rí i pé ọ̀nà jìn. Bí ẹ ò bá ráyè ka nǹkan mìíràn, ẹ ka ibi wọ̀nyẹn.

Ọmọ_Aláìsàn
Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí n dá sí i, ìyá mi ni wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn. Ẹ máa sọ fún wa bí ẹ̀rọ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Màmá sọ nǹkan kan fún nọ́ọ̀sì tí wọn ò sọ fún èmi ọmọ wọn.

Ohùn_Gbajúmọ̀
Ó tọ́ gan-an. Mo máa ń sọ ọ́ kí n tó tan án: "Mọ̀mí, ẹ̀rọ yìí á máa gbọ́ wa kó lè bá mi kọ ọ́, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?" Bí wọ́n bá ní rárá, màá pa á. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ibi tó wúwo, èmi fúnra mi máa ń pa á kí wọ́n tó sọ pé kí n pa á.

Alága_Ẹ̀ka
Ẹ kú àárò ọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ni mo fẹ́ sọ, òun ni ọ̀pọ̀ ń rò tí wọn ò sọ jáde.

Ní oṣù kẹrin 2024, àwọn nọ́ọ̀sì ní Kalifóníà jáde ní San Francisco, wọ́n gbé pátákó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n kórìíra. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí wọ́n má gbé ohun tí a ò dán wò dáadáa wá sídìí ibùsùn, kí wọ́n sì má yọ nọ́ọ̀sì kúrò nínú ìpinnu. Nínú ìlànà ìwà tí Àjọ Àgbáyé àwọn Nọ́ọ̀sì, ICN, tún ṣe ní 2021, wọ́n dárúkọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì rí i dájú pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ti àjọṣe ènìyàn sí ènìyàn lẹ́yìn, pé kò rọ́pò rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú un lọ sí ìpàdé, ó máa ń ṣòro fún ọ̀gá láti fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ti ẹ̀bi: bí ẹ bá tẹ̀lé ẹ̀rọ tó ṣì, wọ́n á ní ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá kọ̀ tó sì jẹ́ pé òun ló tọ̀nà, wọ́n á ní ó kìlọ̀ fún yín. Ìwé ló lè gbà yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò nípa ẹ̀rọ. Bí àpẹẹrẹ:

"2:10 òru, ẹ̀rọ kìlọ̀ pé ewu ga. Mo lọ sídìí ibùsùn lójú ẹsẹ̀. Aláìsàn jí, ó dá mi lóhùn dáadáa, ara kò gbóná, èémí 16, ìfúnpá 124/78, ìtọ̀ ń jáde. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àná ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sínú kọ̀ǹpútà. Mo sọ fún dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo tún un yẹ̀ wò ní 2:40, kò yí padà."

Kò gùn. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta á mọ̀ pé ẹnì kan dé ibẹ̀, ó sì lo ojú rẹ̀. Ẹ má kọ "ìkìlọ̀ èké" o. Lọ́yà á fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Kí n má gbàgbé: ẹ má da ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú ChatGPT orí fóònù yín, àní bí ẹ bá yọ orúkọ kúrò. Ọjọ́ orí, àìsàn tó ṣọ̀wọ́n àti ọjọ́ tó wọlé tó láti mọ ẹni náà. Èyí tí ilé ìwòsàn fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ lò.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Mo ti kà gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo bi ọ̀gá wa ní ìbéèrè kan lónìí: bí ẹ̀rọ bá ní kò séwu, tí èmi ní ewu wà, ọ̀rọ̀ ta ni dókítà á gbà? Wọ́n ní àwọn á bi àwọn tó tà á. Mo ní ẹ̀yin ọ̀gá ni mò ń bi o, mà, kì í ṣe àwọn tó ń tajà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kọ ọ́ wá.

Mátírọ̀nÀgbà
Kọ ọ́ lóòótọ́, kí o sì fi èyí sí i: kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún oṣù mélòó kan láìjẹ́ kí ìkìlọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Kó máa sọ tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀yin máa ṣe iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi méjèèjì wéra: ta ló kọ́kọ́ rí i, ìgbà mélòó ló pariwo lásán, ta ni kò rí i rárá.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà
Ẹ ṣé, Mátírọ̀n. Kí wọ́n sì pín èsì náà sí wọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù àti àwọ̀ ara, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀sán àti òru. Bí wọ́n bá dà á pọ̀, ibi tó ti ń ṣì jù á sá pamọ́ sínú òǹkà tó dára. Kí nọ́ọ̀sì kan, tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù gan-an, wà lára àwọn tó máa jókòó kà á, kí wọ́n sì san owó àkókò náà fún un.

Onísùúrù
Bí wọ́n bá san owó náà, ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀.